Ajá Tó Kọjú sí Ògiri

Ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu ajá náà. Ẹni tó bá ní kò sí, irọ́ ló ń pa. Ó ti gbẹ mọ́ irun funfun abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó ti di àwọ̀ irin tó dípẹtà. Ajá pupa olórí ńlá ni, onírun kúkúrú, aláyà fífẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pítíbúlù. Wọ́n tì í mọ́ inú àgò irin lẹ́yìnkùlé ọ́fíìsì wolé-wolé, ó jókòó, ó ń wo gbogbo àwọn tó wá wò ó. Kò gbó, kò sì kùn.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá, obìnrin àgbàlagbà kan ni tí tilé-toko ń pè ní Atòògbé. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ o. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ta kókó ni ìpéǹpéjú rẹ̀ máa ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ orin láti yàrá kejì, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé oorun ti gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ olè ló ti fẹnu ara wọn kó bá ara wọn níwájú rẹ̀, torí wọ́n rò pé màmá ti sùn. Ohun kan ṣoṣo tí kì í jẹ́ kó tòògbé láyé yìí ni ajá. Ẹ̀rù ajá ń bà á, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi Sájẹ́ǹtì tó bá a wá ṣe odi láàárín òun àti àgò náà, ó ń yọjú wò láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀.

"Màmá, kí la tún ń wá?" ni Sájẹ́ǹtì béèrè. Ebi ti ń pa á. "Ẹ̀jẹ̀ rèé lẹ́nu ajá. Ọgbẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ onífọ́tò tí wọ́n ní ó gé jẹ. Ọ̀rọ̀ ti parí."

"Ọ̀rọ̀ tó bá tètè parí báyìí, bí oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú mi láìjẹ́ pé mo béèrè ló máa ń rí. Mo máa ń fẹ́ mọ ẹni tó sè é."

Wolé-wolé jáde sí wọn, ọkùnrin gíga tó wọ bàtà òjò dé orúnkún. Ó ní kí àwọn tó ti ọ́fíìsì lónìí ni òun máa fún ajá náà ní abẹ́rẹ́ tí ń pa á. Ajá tó bá gé ènìyàn jẹ, òfin ti sọ bí wọ́n á ti ṣe é. "Ẹ wo ẹnu géètì, Màmá. Gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní bí èmi ò bá fi abẹ́rẹ́ ṣe é, àwọn á fi òkúta ṣe é."

Ọkùnrin kan jókòó sórí kọ̀ǹkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò náà, apá rẹ̀ kún fún àpá iná wẹ́wẹ́. Wẹ́dà ni, òun ló ni ajá. Ó di ẹ̀wọ̀n ajá mú lọ́wọ́, kò sí ajá nídìí ẹ̀wọ̀n.

"Ẹ kú àárẹ̀, Ìyá," ni ó wí, ó sì dìde fún un. "Mo ti sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ mi ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ẹni tó ni ajá kò lè jẹ́rìí ajá."

"Wọn ò purọ́. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Bámitalẹ́. Ìyàwó mi ló sọ ọ́. Kò tíì lajú nígbà tí a gbé e wálé, ìgò ọmọ ìkókó ló fi tọ́ ọ." Ó gbé ojú kúrò. "Òun fúnra rẹ̀ kò wá bá mi talẹ́. Nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kàn nínú ilé mi, ajá yìí nìkan ló kù tó ń mí. Ìyá, ẹ dákun. Bó bá jẹ́ òun ló gé e jẹ, èmi fúnra mi ni n ó dì í mú fún abẹ́rẹ́. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ bá mi wádìí."

Atòògbé kò ṣèlérí. Ó wo oòrùn tó ti ń fà sẹ́yìn àwọn òrùlé, ó ní kí Sájẹ́ǹtì jẹ́ kí àwọn máa lọ.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ sì ń mí ooru rẹ̀ jáde. Ìkùukùu tín-ín-rín gba ojú títì, àwọn ènìyàn ń yọ nínú rẹ̀, wọ́n ń wọ inú rẹ̀ padà, bí ẹni tó ṣìnà wọ inú àlá ẹlòmíràn. Àgbàlá kan ni gbogbo ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà wà lápá kan, ilé onífọ́tò kọjú sí i, alágbàfọ̀ sì ń gbé òkè, fèrèsé rẹ̀ ń wo àwọn méjèèjì. Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ, torí òun ló kọ́kọ́ pariwo pé ajá gé ènìyàn jẹ.

Yàrá rẹ̀ kún fún aṣọ funfun tí wọ́n sá kọ́ okùn láti ògiri dé ògiri. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ kí wọ́n tó rí i.

"Mo rí i! Pẹ̀lú ojú mi méjèèjì yìí! Ó gé e jẹ bí ẹni gé búrẹ́dì!"

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Atòògbé wí, ó jókòó sórí àpótí kan, ìpéǹpéjú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ nínú ooru náà. "Ẹ ti mọ ajá ọ̀hún tẹ́lẹ̀?"

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Pítíbúlù ni, Màmá! Bí irú wọn ti ń ṣe nìyẹn. Ọmọ àbúrò ọkọ mi ní níbi tí àwọn ń gbé tẹ́lẹ̀, ọ̀kan jẹ odidi ewúrẹ́, tòun tìwo."

"Ó rí i?"

"Wọ́n sọ fún un ni."

Sájẹ́ǹtì fi ọwọ́ bo ẹnu. Alágbàfọ̀ wò ó tìbínú-tìbínú, ó ń bá aṣọ lílọ̀ rẹ̀ lọ.

"Kí lẹ ń wò lójú fèrèsé kí ẹ tó rí ajá?" ni Atòògbé béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Iná wẹ́dà ni. Mo mọ̀ pé kò dáa fún ojú, ẹ má bá mi wí. Ó kàn rẹwà jù ni. Bí ìràwọ̀ bá bọ́ sínú ilé èèyàn, bó ṣe máa rí nìyẹn. Ó pẹ́ tí mo ti ń wò ó, mo tilẹ̀ gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́ oníṣẹ́."

"Nígbà tí iná wá kú ńkọ́?"

"Gbogbo ayé ṣú fún mi. Nǹkan roboto kan ń léfòó níwájú mi, mo ń ṣẹ́jú, mo ń ṣẹ́jú. Ìgbà tí ojú mi máa wá là, onífọ́tò ni mo rí tó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ajá burúkú yẹn sì ti ki ẹnu bọ aṣọ ìnura ọwọ́ rẹ̀. Ni mo bá figbe ta!"

"Aṣọ ìnura wo?"

"Èyí tó fi wé ọwọ́ ni. Àwọ̀ ìyeyè, ó nílà funfun. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ín gbingbin, ta ló fẹ́ gba àbàwọ́n yẹn kúrò báyìí?"

 Ojú Atòògbé ti pa dé. Alágbàfọ̀ yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí Sájẹ́ǹtì létí: "Ṣé wọ́n ti sùn ni?"

"Rárá o," ni Sájẹ́ǹtì dáhùn. "Ìgbà yìí gan-an ni wọ́n jí."

Bí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, Sájẹ́ǹtì gbé èrò tirẹ̀ jáde. Fọkanáísà kan wà ní ìkóríta tó kórìíra ajá náà bí ẹni kórìíra ìgbẹ́ lẹ́sẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ti rí i tó ń sọ ọ́ lókùúta. Bí ẹnì kan bá mú ajá náà bínú lónìí, àfi òun. Atòògbé ní kí wọ́n lọ gbọ́ tẹnu rẹ̀. 

Inú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà gan-an ni wọ́n ti bá a, ó ń wo géètì tuntun kan tó dá dúró sáàárín ilé.

"Géètì mi ni," ni ó yára sọ. "Èmi ni mo di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú nígbà tó ń jó o."

"Lónìí?"

"Lónìí ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ wo apá mi, iná ta sí i."

 Èrò Sájẹ́ǹtì ti wó.

"Nígbà tí iná ń jó, níbo ni ajá wà?" ni Atòògbé béèrè.

Fọkanáísà tẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo àjà.

"Ẹ̀gbọ́n, ajá la ní kí ẹ jẹ́rìí sí, a ò ní kí ẹ fẹ́ ẹ," ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Ó wà ní igun ọ̀hún," ni ó sọ níkẹyìn, ó fi àgbọ̀n tọ́ka síbẹ̀. "Ó kọjú sí ògiri."

Atòògbé lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo ògiri ṣọ́ọ̀bù náà ló dúdú fún èéfín, ṣùgbọ́n ibì kan wà nísàlẹ̀, tí kò ga ju orúnkún lọ, tó ń dán, tó ti jinnú díẹ̀, bí ibi tí ẹnì kan ti ń forí tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irun pupa kúkúrú kan lẹ̀ mọ́ ọn.

"Bí wẹ́dà bá fẹ́ tan iná, á ké pé *Ojú!*" ni fọkanáísà ṣàlàyé. "Bí wọ́n ti ń ṣe nínú iṣẹ́ wọn nìyẹn, kí ẹni tó bá wà nítòsí lè yíjú kúrò. Ìyàwó rẹ̀ ló fi kọ́ ajá náà láti kékeré, kí iná má ba ojú rẹ̀ jẹ́. Bó bá ti gbọ́ ọ báyìí, á lọ gbórí ti ògiri. Kò ní yí padà títí iná á fi kú."

"Lónìí ńkọ́?"

"Ó gbórí tì í. Ìgbà tí iná kú ló jáde. Wẹ́dà kò ti ilẹ̀kùn, ó máa ń gbàgbé. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tó jáde tí a fi gbọ́ ariwo."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún wolé-wolé?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí." Ó fa èjìká sókè, ojú sì tì í. "Màmá, ìran ajá yẹn kò dáa. Bí kò bá gé ènìyàn jẹ lónìí, á gé e jẹ lọ́la."

Wọ́n padà sójú àgbàlá. Ìkùukùu ti ń nípọn, Atòògbé sì ń rìn nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá nǹkan.

"Ó ṣì lè jẹ́ ajá náà," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ó jáde lẹ́yìn tí iná kú. Ojú alágbàfọ̀ ṣókùnkùn. Ìgbà yẹn ló gé e jẹ."

"Ó dáa. Ìwọ wá máa ṣe onífọ́tò. Ajá gé ọ jẹ lójú àgbàlá níbí. Kí lo ṣe?"

"N ó sá."

"Síbo?"

"Sínú ilé, n ó ti ilẹ̀kùn!"

"O ti wọlé. O wá aṣọ ìnura, o fi wé ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ rin aṣọ náà gbingbin. Ṣé wàá tún wá jáde, kí o jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá tó gé ọ jẹ? Kí alágbàfọ̀ tó ṣẹ́jú tán?"

Sájẹ́ǹtì dúró. Ó wo àtẹ̀gùn náà.

"Wọ́n ti gé e jẹ kó tó jáde," ni ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ajá náà kàn bá ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ ni. Ó ń lá a."

"Èmi náà ti rí i lẹ́nu rẹ̀, mo ti dá a lẹ́bi lọ́kàn mi," ni Atòògbé wí. "Orí ńlá yẹn ni mo fi dá a lẹ́bi. Jẹ́ ká kan ilẹ̀kùn."

Onífọ́tò fi ọwọ́ tó dára ṣílẹ̀kùn fún wọn, èkejì wà nínú báńdéèjì. Àwòrán àwọn ẹni ẹlẹ́ni ló bo ògiri pálọ̀ rẹ̀: ìyàwó ojú ọ̀nà, ọmọ tuntun, àgbà tó gbàgbé láti rẹ́rìn-ín. Aṣọ títa kan pín yàrá náà sí méjì, èémí ẹnì kan sì ń gòkè, ó ń sọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni," ni ó wí. "Tíṣà ni wọ́n. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀." Lábẹ́ àga tó sún mọ́ aṣọ títa náà, ajá kékeré kan sùn, ó funfun, irun rẹ̀ bo ojú rẹ̀. Òwú ni wọ́n ń pè é. Kò sí ọmọ àdúgbò tí kò tíì gbé e jó.

Ẹ̀gbọ́n náà ń mí, Òwú ń mí, ago ara ògiri ń dún lábẹ́lẹ̀. Atòògbé jókòó sórí àga ọ̀hún gan-an, ó fipá jẹ́ kí ìpéǹpéjú rẹ̀ máa wálẹ̀ bí ajá tilẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí onífọ́tò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

"Ó fò mọ́ mi lójú àgbàlá ni."

"Láti ẹ̀yìn tàbí níwájú?"

"Ẹ̀yìn... níwájú ni. Ó yára."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n máa ń yára." Orí Atòògbé tẹ̀ síwájú, gíláàsì ojú rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, ó yí wọ abẹ́ àga. "Háà, àgbà dé," ni ó kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ àga láti mú un.

"Ẹ má fọwọ́ síbẹ̀!"

Onífọ́tò ti fò dìde. Ó ti di ọwọ́ Atòògbé mú kó tó mọ̀ pé òun dì í mú. Lábẹ́ àga, Òwú ti jí gìrì, ojú rẹ̀ tó ti fọ́ dà bí wàrà, eyín rẹ̀ kéékèèké hàn, ó ń kùn.

 Atòògbé fa ọwọ́ rẹ̀ padà pẹ̀lẹ́. 

"Kí lẹ fẹ́ mú níbẹ̀, láàárọ̀?" ni ó béèrè.

"Ìdérí kámẹ́rà," ni onífọ́tò dáhùn, ó sì jókòó bí ẹni tí eegun rẹ̀ ti tán. "Kò ríran mọ́. Oorun ló ń sùn, ó ta gìrì. Màmá, kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló ń sùn lé lálaalẹ́. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, òun nìkan ló ń mú wọn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá wá mú un lọ fún abẹ́rẹ́, kí ni n ó sọ fún wọn?"

"Ẹ wá fi ajá aláìmọ̀kan rọ́pò rẹ̀."

"Èmi ò sọ nǹkan kan!" Omi ti lé sójú rẹ̀. "Mo jókòó síta kí ẹ̀gbọ́n mi má baà rí ẹ̀jẹ̀. Bámitalẹ́ wá bá mi, ó ń lá ọwọ́ mi. Ó ń lá a, Màmá, ó ń kẹ́dùn pẹ̀lú mi. Ni wọ́n bá sáré wọ àgbàlá. Wọ́n ní, *Òun ni, àbí? Òun ni!* Wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ tán kí n tó lanu. Orí ni mo kàn mì."

Láti ẹ̀yìn aṣọ títa, ohùn kan jáde tó wúwo, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

"Àbúrò mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sinmi..."

"Ẹni tó kù fún ọkùnrin yẹn náà ńkọ́?" Ó mí sínú, ó wá ọ̀rọ̀ tó kàn. "Lọ. Fi ẹnu sọ ohun tí o fi orí sọ. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ Òwú, kí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Wolé-wolé ti wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí wọ́n dé. Àwọn ènìyàn ti wọ inú ọgbà, wọ́n yí àgò ká, alágbàfọ̀ wà níwájú. Wẹ́dà ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin àgò, ó ki ìka méjì wọlé, ajá náà sì gbé àgbọ̀n rẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ lé ìka náà.

Onífọ́tò sọ ọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ kò jáde, Atòògbé ní kó tún un sọ. Ìgbà kejì, gbogbo ọgbà gbọ́.

Wolé-wolé gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ó dáa. Òfin kò mọ funfun, kò mọ pupa. Ṣé kí n lọ mú Òwú wá?"

"Háà! Òwú kẹ̀?" Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ pariwo. "Òwú tí àwọn ọmọ wa ń gbé jó?"

"Ó ti darúgbó!"

"Wọ́n jí i lójijì ni! Ta ni kì í bínú bí wọ́n bá jí i lójijì?"

"Bí ẹ bá fọwọ́ kan Òwú, a ò ní gbà!"

Atòògbé jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. "Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ," ni ó wí. "Ẹ gbìyànjú. Ó kàn ń dùn mí pé kò sí ẹnì kan nínú yín tó béèrè láàárọ̀ bóyá ẹnì kan jí Bámitalẹ́ lójijì."

 Wẹ́dà ló fọ̀ síta. "Ọ̀gá wolé-wolé, ẹ fi Òwú sílẹ̀. Kí wọ́n ṣáà máa so ó. Mo mọ bí ilé ṣe máa ń rí bí kò bá sí ẹni tó ń mí nínú rẹ̀."

"Ìwọ náà, ti ilẹ̀kùn rẹ," ni wolé-wolé sọ, ó ń tú ìbọ̀wọ́. "Kì í ṣe ọmọ adìyẹ lo ń sìn. Bí eyín yẹn bá wọ ara ènìyàn lóòótọ́, a ò ní máa ka ihò eyín, egungun la ó máa kà."

"Ẹ̀yin lẹ sọ òótọ́ jù lónìí, ọ̀gá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, n ó jó ìdè sí ilẹ̀kùn náà."

Wolé-wolé ṣí àgò. Bí Bámitalẹ́ ti yọ orí, gbogbo èrò sá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, àní àwọn tó ti gbọ́ pé kò ṣe nǹkan kan. Alágbàfọ̀ ti gun bẹ́ǹṣì. Fọkanáísà ti mú òkúta. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì jáde nínú ọgbà náà, ẹ̀gbẹ́ àgò ló gbà kọjá.

Wẹ́dà wò wọ́n. Atòògbé rò pé á bú wọn, ì bá sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kàn so ẹ̀wọ̀n mọ́ ọrùn ajá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì sọ wẹ́lẹ́ sí i létí:

"Ojú."

Ajá náà yí padà, ó rìn dé ìdí ògiri, ó gbórí tì í.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tẹsẹ̀ tẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó bi wẹ́dà bóyá iná kankan ń jó. Fọkanáísà ju òkúta sílẹ̀ kó tó kọjá. Alágbàfọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó fa aṣọ bo ẹnu, kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

Atòògbé sún mọ́ ọn.  Ó na ọwọ́, ó fà á padà, ó tún un nà, ó gbé e lé ẹ̀yìn ajá náà. Ara rẹ̀ gbóná ju bó ti rò lọ. Ó sì ń gbọ̀n láti orí dé ìrù.

"Kí ló ń ṣe é?" ni ó béèrè.

"Ẹ̀rù ni, Ìyá," ni wẹ́dà dáhùn. "Ẹ̀rù ènìyàn ń bà á."

"Èmi náà, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí," ni Atòògbé wí. Kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò títí gbogbo wọn fi kọjá tán.